Kọ́ìnì Tí Màmá Fi Tún Bàtà Ṣe

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Òfin tuntun ti dé: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ti àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù pa mọ́, kí ìjọba lè máa kà á. Ta ni wọ́n sì gbà síṣẹ́ kíkà ládùúgbò wa? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin! Bọ̀ọ̀dá Elétí-ọfẹ́ fúnra ẹ̀. Ohun tó bá kà láàárọ̀, Màmá á ti gbọ́ kílẹ̀ tó ṣú. Mo gbé!

Ọjọ́rú, 5
Orí olólùfẹ́ mi pé o! Wẹ́dà tó ń jó irin ọkọ̀ òkun pọ̀ ni, ṣùgbọ́n ọpọlọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Kọ́ìnì inú fóònù ló fi ránṣẹ́ sí mi — owó tí ò tó nǹkan. Nọ́ńbà gbọọrọ ló wà lára kọ́ìnì kọ̀ọ̀kan. Inú ẹ̀ ló ki ọ̀rọ̀ bọ̀, níbi tí Bọ̀ọ̀dá ò lè kà á. "Ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, àárò ẹ ń sọ mí." Mo ń nu awò ojú oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ń dá rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní ṣé kò sí o?

Ọjọ́bọ̀, 6
Olólùfẹ́ mi ní ọ̀rọ̀ ńlá ń bọ̀ nínú kọ́ìnì ọ̀la. Kí n dá òun lóhùn lọ́la náà, torí ìdájí Sátidé lọkọ̀ ń gbé òun lọ sójú òkun — kò sí fóònù fóṣù mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ ńlá wo ló kù, bí kì í bá ṣe ìgbéyàwó?

Ẹtì, 7
Ẹ gbà mí! Mo wà ní balùwẹ̀ nígbà tí kọ́ìnì wọlé. Màmá gbé fóònù mi, ó fi sanwó bàtà tó ní kí wọ́n bá òun tún ṣe. Gbogbo kọ́ìnì pátá! Ibi tí kọ́ìnì bá sì lọ, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ń lọ. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ ṣúmékà. Ó ní òun ti fi ra awọ.
Kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan tí mo lè fi bi olólùfẹ́ mi léèrè. Kí n wá bi í ní gbangba pé kí lo sọ? Á ní mo ń dọ́gbọ́n sá ni. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ṣúmékà níbẹ̀ ni mo ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ ní gbangba, kí Bọ̀ọ̀dá kà á yó: "Mo gbà! Tọkàntọkàn!"
Kí n tó délé, Màmá ti ń jó ní kíṣìnì. Ó ní òun náà bá mi gbà á. Ẹ̀yìn náà ló wá bi mí pé kí la gbà.

Àbámẹ́ta, 8
Kọ́ìnì kan ti wọlé kí n tó jí. "O ṣé gan-an ni, ìyàwó mi! Ìyàwó mélòó ló ń gbà kí ìyá ọkọ máa bá wọn gbé? Màmá mi ti ń dẹrù. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa wá kí ẹ."
Háà! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó sì ti wà lójú òkun báyìí. Ta ni n ó wá bá jà?