Ìyá Tó Gba Kọ́kọ́rọ́ Ẹ̀wọ̀n: Ìgbésí Ayé Olóògbé Albina Kudrna (1919–2007)

Ní gúúsù odò Plum, ní káúńtì Tarbell, ìpínlẹ̀ Nebraska, ni a bí Màmá wa, Albina, sí ní oṣù kẹta ọdún 1919. Václav Hruza, àgbẹ̀ àgbàdo tó ti ilẹ̀ Bohemia wá, ni bàbá wọn. Antonie ni ìyá wọn. Ilé ẹ̀kọ́ oníyàrá kan tó wà létí oko ni wọ́n ti kàwé. Ní 1941 wọ́n di aya Emil Kudrna, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní 1948, àwọn ará káúńtì dìbò yan Bàbá wa ní ṣẹ́rífù, olórí ọlọ́pàá wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà níbí mọ bó ṣe rí nígbà náà: ẹ̀yìn kóòtù ni ọgbà ẹ̀wọ̀n wà, ilé ṣẹ́rífù sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣẹ́rífù ń mú arúfin, ìyàwó rẹ̀ ń bọ́ wọn. Màmá á se ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti kábéèjì kíkan sínú ìkòkò kan. Ẹlẹ́wọ̀n á jẹ, àwa náà á jẹ.

Ní oṣù kejì ọdún 1954, yìnyín mú kí ọkọ̀ Bàbá yọ̀ ṣubú lórí afárá, wọ́n sì gbabẹ̀ lọ. A ò tíì sin wọ́n tán tí àwọn kọmíṣọ́nnà mẹ́ta tó ń darí káúńtì fi ránṣẹ́ pé ẹni tó bá di ṣẹ́rífù tuntun ló ni ilé. Màmá kò ní ilé mìíràn, wọn kò sì ní oko. Ọ̀gbẹ́ni Orville Bascom, ẹni tó lẹ́nu jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti ní Vernon, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lọ́kàn fún ipò náà. Màmá wọ aṣọ ọ̀fọ̀, wọ́n gun àtẹ̀gùn kóòtù lọ bá àwọn kọmíṣọ́nnà nípàdé, wọ́n ní àwọn fẹ́ parí sáà ọkọ àwọn.

“Ìyàwó Emil,” Bascom bi wọ́n, “ìwọ lo fẹ́ máa ṣọ́ olè?”

“Ọwọ́ mi ni wọ́n kúkú ti ń wà látọjọ́ yìí wá, sà. Èwo ló sá lọ níbẹ̀?”

Àwọn méjì yòókù gbà, òun nìkan ló kọ̀. Wọ́n fún Màmá ní kọ́kọ́rọ́ títí di ìdìbò oṣù kọkànlá.

Ní oṣù kẹjọ, Vernon mutí yó lọ́sàn-án gangan, ó wa ọkọ̀ gun koríko iwájú kóòtù, ó sì fọ́ bẹ́ǹṣì tí àwọn àgbà ń jókòó sí. Màmá tì í mọ́lé. Bascom sáré dé.

“Ìyàwó Emil, ọmọ ilé ni Vernon. Ṣílẹ̀kùn fún un.”

“Ọmọ ilé ni lóòótọ́, sà. Inú ilé náà ló wà yẹn, ó ń jẹun lọ́wọ́.”

“O mọ̀ pé àwa ará àríwá odò la pọ̀ jù. Tó bá di oṣù kọkànlá, wàá kó ẹrù rẹ jáde níbẹ̀.”

“Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí Mọ́ńdè tí adájọ́ ń bọ̀.”

Ẹ̀rù ba àwa ọmọ. Rosalie, àkọ́bí, ti ń di aṣọ wa sínú àpótí. Màmá ní kó dá wọn padà sáyè wọn, wọ́n sì ń bá ọ̀dùnkún tí wọ́n ń bẹ lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé àríwá odò, ibi tí àwọn olówó màlúù wà, ó gbọ̀nà mìíràn yọ. Wọ́n ní, “Ẹni tó lè ti ọmọ Bascom mọ́lé, olè màlúù wo ló máa bẹ̀rù?” Ìbò tí Màmá rí ní àríwá ju ti gúúsù tí a bí wọn sí lọ. Ọ̀gbẹ́ni Bascom fúnra rẹ̀ ló na Bíbélì sí wọn láti búra. Kò rẹ́rìn-ín.

Màmá ṣe ṣẹ́rífù títí di 1978, nígbà tí káúńtì kọ́ ẹ̀wọ̀n tuntun tí kò ní ilé lára. Wọ́n kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Wenceslaus Mímọ́ títí ohùn wọn fi lọ. Wọn kò gba ipò kìíní rí nínú ìdíje búrẹ́dì eléso ti àjọ̀dún káúńtì, ó sì dùn wọ́n gan-an.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni Rosalie, Leonard àti Marjorie, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, àti Bessie, àbúrò Màmá.

Ní oṣù tó kẹ́yìn, iyè wọn ra. Ìyá tí a kò rí kí ẹ̀rù bà rí a máa di ọwọ́ Rosalie mú pinpin, wọ́n á ní, “Wọ́n ti dìbò náà? Ṣé wọn ò ní lé wa jáde?” Ìgbà náà la tó mọ ohun tí wọ́n ti gbé mì fún wa láti 1954, a sì sunkún.

“Wọ́n ti dìbò, Màmá. Ilé tiwa ni.”

Wọ́n á sì sùn.

Ẹ sùn re o, Màmá, ọmọ Hruza. Ilé tí ẹ lọ yìí, ẹnikẹ́ni kì í dìbò lé e lórí.