Omi Inú Dúrọ́ọ̀mù Búlúù

Omi tí mo fi fọ aṣọ ni wọ́n fi ṣe àgbo fún ọmọ aládùúgbò mi, èmi nìkan ni mo sì mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ Admin gúrúùpù yìí, ẹ bò mí láṣìírí.

Ìkòsí níbí ni mò ń gbé, ẹ̀yìnkùlé kan náà ni gbogbo ilé ń lò. Látìgbà tí pọ́ǹpù wa ti bàjẹ́, ọwọ́ mẹ́ruwà la ti ń ra omi, ó sì ń dùn mí láti máa da omi ìfọṣọ nù. Mo rí i lórí fóònù pé èèyàn lè tún un lò... mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóòmù àti yanrìn sẹ́ ẹ, mo wá ju álọ́ọ̀mù sí i bí a ṣe máa ń ṣe sí omi kànga. Omi yẹn mọ́ gaara, mo tiẹ̀ ń fi ṣakọ. Mò ń dà á sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mò ń fi fọ ilẹ̀, kò sí wàhálà.

Àṣìṣe mi rèé. Aunty tí yàrá wọn kọjú sí tèmi bímọ, màmá wọn wá láti Ìsẹ́yìn wá máa wẹ ọmọ. Mo sọ fún Màmá pé tómi bá tán, kí wọ́n bu nínú dúrọ́ọ̀mù búlúù mi, torí omi mímu ló wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Nígbà tó yá, dúrọ́ọ̀mù dúdú tí mò ń da omi ìfọṣọ sí là, mo bá rọ omi mímu sí kẹ́ẹ̀gì ní yàrá, mo da ti ìfọṣọ sínú búlúù. Mo gbàgbé láti sọ fún Màmá. Mo gbàgbé pátápátá... ṣé ẹ gbà mí gbọ́?

Lọ́jọ́ Ajé mo ti Mile 12 dé, Màmá ń dúpẹ́ pé omi mi làwọn fi rẹ àgbo, pé ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta táwọn ti ń bu ú. Mo rẹ́rìn-ín, mo wọlé. Ilẹ̀ mọ́, ọmọ ń yàgbẹ́ gbuuru, ó ń bì, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ojú ẹ̀ ti jìn wọnú. Dókítà bèèrè ohun tó mu, Màmá ní omi tó mọ́ ni. Wọ́n ti wá di ẹ̀bi ru ìyá ọmọ, pé omi tútù tó ń mu ló ba ọmú jẹ́, ẹkún ni ìyá ọmọ ń sun látàná. Èmi sì ti da omi yẹn nù, mo ti fọ dúrọ́ọ̀mù.

Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí báyìí, pé àwọn ò fọkàn tán omi ọsibítù, kí n bu omi dúrọ́ọ̀mù búlúù yẹn sí kẹ́ẹ̀gì kí n gbé e bọ̀. Kẹ́ẹ̀gì náà wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo lè bu omi gidi lọ, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀... ṣùgbọ́n tí dókítà ò bá mọ ohun tó mu, báwo ló ṣe fẹ́ tọ́jú ẹ̀? Tí mo bá wá jẹ́wọ́, tí ọmọ yẹn sì kú, ṣé kì í ṣe èmi ni mo pa á nìyẹn? Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, dókítà ni àbí ìyá ọmọ? Ẹ tètè dá mi lóhùn, wọ́n ń retí mi.