Mọ́mì Láyíwọlá àti Ìbọn Tí Kì í Ṣe ti Ọ̀gágun

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún ọdún 1936, ní ìlú Ìkìrun, ni a bí ìyá wa, Olóògbé Ọmọ́bọ́lá Láyíwọlá, fún Olóògbé Jòsáyà Olúdọ̀tun àti Abígẹ́lì aya rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tí ń tún ìbọn ọdẹ ṣe ni bàbá wọn. Kò sí ẹni tó rò pé ìbọn ni yóò gbé ọmọbìnrin yìí kiri ayé.

Mọ́mì kàwé ní Ìkìrun, wọ́n kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Iléṣà, nígbà tó sì di 1961, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbé wọn dé Mọ́sìkò láti lọ kọ́ nípa ìtàn. Òtútù ibẹ̀ ló lé wọn wọ ilé tí wọ́n ń kó ohun ìjà àtijọ́ sí, nítorí ibẹ̀ móoru, àárín àwọn ìbọn ìléwọ́ ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni wọ́n sì jókòó sí títí wọ́n fi gboyè. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Ọláwọlé Láyíwọlá, akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn, ní 1963. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: Lérè, Bíyìí àti Mojí.

Ní 1978, ẹ̀kọ́ gbé Dádì wá sí Houston, gbogbo wa sì jọ wà nínú apartment kékeré kan ní Third Ward. Ikú mú Dádì lọ ní 1982. Orí orúkọ wọn ni ìwé ìgbélùú gbogbo wa wà, nítorí náà ẹkún kò tíì tán tí ìbẹ̀rù fi wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Calvin Pruitt, ọlọ́rọ̀ epo kan tó ti fẹ̀yìn tì sí The Woodlands lẹ́bàá Houston, ló gba Mọ́mì síṣẹ́. Ó ń kó ìbọn ìléwọ́ Rọ́ṣíà jọ, ó sì fẹ́ ṣí yàrá kan kí aráàlú lè máa wò wọ́n. Ó ṣèlérí pé tí iṣẹ́ náà bá parí, òun yóò bá wa kọ̀wé fún green card.

Ẹ wá wo iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá wa! Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbọn Smith & Wesson tí ọba Rọ́ṣíà rà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà níbí ní nǹkan bí ọdún 1871. Wọ́n fi Nagant ti 1895 tẹ̀lé e, èyí tó pẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ogun àti ọlọ́pàá débi pé ọba lọ, òun kò lọ. Lẹ́yìn náà ni Tokarev, kí Makarov tó gba ipò rẹ̀ ní 1951. Mọ́mì ló kọ àlàyé sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì buwọ́ lù ú. Mọ́mì tó mọ ìbọn tó báyìí kò yìnbọn rí láyé wọn. Báńgà ọdún Kérésì gan-an, etí ni wọ́n máa ń di.

Ọ̀ràn dé ní 1985. Ìbọn tí Ọ̀gbẹ́ni Pruitt fẹ́ràn jù ni Nagant kan tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ ní Jámánì ní 1945, nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó wà nínú rẹ̀ pàdé ti Rọ́ṣíà. Láti ìgbà náà ló ti ń sọ pé ọ̀gágun ló fún òun. Mọ́mì yẹ̀ ẹ́ wò. 1943 ni wọ́n ṣe é, irú èyí tí wọ́n ń pín kiri lójú ogun. Igi ìdìmú rẹ̀ ti já rí, ẹnì kan sì ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ òmíràn sí i. Ọ̀gágun wo ló ráyè ìyẹn?

Ọ̀rẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, Arábìnrin Wùmí, gbọ́, ó fò sókè. "Mọ́mì Lérè, ẹ kọ general síbẹ̀ jàre! Ṣé ẹ̀yin lẹ bí general ni? Green card lẹ̀ ń wá o!"

Mọ́mì ní, "Tí mo bá sign irọ́ kan, ta ló máa gba èyí tó kù gbọ́?"

Wọ́n lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Pruitt. Nítorí pé ó dàgbà jù wọ́n lọ, tí ọ̀rọ̀ náà sì wúwo, wọ́n kúnlẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́. Òyìnbó rò pé wọ́n ti jí nǹkan ni! Nígbà tó gbọ́ ohun tó jẹ́, inú bí i ju bí ẹni pé wọ́n jalè lọ, ó ní kí Mọ́mì máa lọ sílé. Àwa ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. A kò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà wá gidigidi.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ wa mọ́tò dé apartment wa. Ó béèrè lọ́wọ́ Mọ́mì pé kí ni kí wọ́n wá kọ.

"Ẹ kọ pé ọmọ ogun lásán ni, sir," ni Mọ́mì dáhùn. "General ní òmíràn nílé. Ẹyọ kan yìí ni ẹni yẹn ní tó ń gbà á lọ́wọ́ ikú, ó sì fún yín."

Ọ̀gbẹ́ni Pruitt bú sẹ́kún. Ó ní òun rántí ojú rẹ̀, ọmọdé tí kò tíì hu irùngbọ̀n ni. Ẹnu òun ló sọ ọ́ di ọ̀gágun.

Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, green card wa sì dé ní 1986. Nínú ìjọ Aládùúrà wa, Mọ́mì jẹ́ ìyá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé láti ilé. Wọ́n fún wọn ní oúnjẹ, wọ́n sì bá wọn wí bó ti yẹ. Lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì ọdún 1989.

Wọ́n fi àbúrò wọn sáyé lọ, Ọ̀gbẹ́ni Dèjì Olúdọ̀tun. Wọ́n tún fi àwa ọmọ wọn sílẹ̀: Lérè, tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, Bíyìí, tó ti di ẹnjiníà, àti Mojí, tó ṣì wà ní yunifásítì, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo, Olúbùkọ́lá.

Ẹni tó bá dé yàrá náà ní The Woodlands lónìí yóò kà á lábẹ́ Nagant náà pé, "Ọmọ ogun kan ló fi tọrẹ. A kò mọ orúkọ rẹ̀." Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni orúkọ ìyá wa wà. Mọ́mì, kò sí ibi tí ẹ kọ orúkọ yín sí tí ojú yóò ti àwa ọmọ yín láti kà á sókè.

Ẹ sùn re o, ọmọ Olúdọ̀tun. Kí Olúwa tẹ́ ẹní yín sí ẹ̀gbẹ́ ti Dádì. Àmín.