Ìlà Tí Kò Lórúkọ

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn níbi tí ẹ wà, ṣùgbọ́n bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láì kí yín, ẹ ó ní n kò lẹ́kọ̀ọ́. Òjò ti ń rọ̀ ní Sakété láti àná. Irú òjò tí ẹ kì í fẹ́ rí nìyí, tí ẹ ó fi wọ ẹ̀wù òtútù lé ẹ̀wù òtútù, tí àwọn tó wá gba aṣọ kakí ilé ìwé tí ẹ rán fún ọmọ wọn á máa bi yín bóyá ìlú òyìnbó lẹ̀ ń lọ. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní làkúrègbé ni.

Ẹ rántí iṣẹ́ tí mo sọ fún yín, tí ẹ ní kò yé yín, àmọ́ tí ẹ ṣàdúrà sí i? Wọ́n ti gbà mí. Pobè ni mo ti ń ṣe é, nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣàlàyé, bóyá yóò yé yín báyìí. Àwọn dókítà ti ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lágbègbè wa, wọ́n sì ń bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń bá a gbé. Èmi ni mo ń kọ́ ibi tí gbogbo rẹ̀ yóò wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí oníwádìí ibikíbi lágbàáyé lè ṣí i, kó fi wá oògùn, láì sanwó, láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. A ti yọ orúkọ gbogbo wọn kúrò.

Ibẹ̀ ni mo ti rí yín.

Obìnrin ni, ará Sakété, aránṣọ, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ta ló tún kù? Mélòó ló ní àrùn yìí tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ nílùú wa? Mo sì dé ibi tí wọ́n ti béèrè ohun tó máa ń ṣe bí ìrora bá dé. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, àmọ́ ohùn yín ni mo gbọ́: òun a máa yí máṣíìnì òun láìfi aṣọ sí i, kí àwọn ọmọ má baà gbọ́ igbe òun.

Háà, Màmá! A kúkú ń gbọ́ yín. Bí máṣíìnì yẹn bá ti ń dún láìdáwọ́ dúró, gbogbo wa la mọ̀ pé ara yín kò yá. Ẹ̀gbọ́n mi Nuru á kó wa lọ sẹ́yìn ilé, a ó máa pariwo bí ẹni tó ń ṣeré. Ẹ̀ ń fi pamọ́ fún wa, àwa náà ń fi pamọ́ fún yín.

Ìgbà wo lẹ lọ fún wọn lẹ́jẹ̀? Ta ló gbé yín dé Pobè? Ṣé abẹ́rẹ́ yẹn dùn yín? Kí ló dé tí ẹ sọ fún àlejò, tí ẹ kò sọ fún èmi ọmọ yín?

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, ìlà yẹn ni mo kọ́kọ́ ń ṣí. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí yín, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá dé ibojì yín, koríko ni mo ń rí. Nínú ìlà yẹn, ẹ ṣì ń sọ̀rọ̀.

Dókítà, ọ̀gá mi, ní kí a tó ṣí ibẹ̀ fún aráyé, kí n dán an wò bóyá mo lè dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Mo ní ó ku díẹ̀ kí n parí, n kò sọ fún un pé mo ti rí yín. Mo pe Ẹ̀gbọ́n mi Nuru. Ó ní kí n fi yín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ni ẹnu ayé tún fẹ́ fi ẹni tó ti kú ṣe? Tẹni ń tẹni, ó ní. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mọ́ mi.

Àfi bí obìnrin kan ṣe wá láti Igana pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀. Ọmọ náà rù, ẹyinjú rẹ̀ sì pọ́n bíi tiyín. Wọ́n sọ fún ìyá náà pé èmi ni mo ń gbé ọ̀rọ̀ wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló bá dì mọ́ ọwọ́ mi. Ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn ará Igana ò ní rí i níbẹ̀? Ta ni yóò fẹ́ ẹ lọ́la?” Mo sáré padà lọ wò ó. Òun nìkan ni ọmọbìnrin tó ti Igana wá. Bí mo ṣe dá yín mọ̀ gẹ́lẹ́ ni wọn yóò ṣe dá òun náà mọ̀.

Mo rò ó pé kí n bo òun nìkan. Ṣùgbọ́n bí a bá bo ẹnì kan ṣoṣo, ibi tí a bò gan-an ni gbogbo ojú yóò máa wò. Bí n óò bá bò ó, àfi kí n bo gbogbo yín. Ẹ̀yin lẹ sì máa ń sọ ọ́ pé àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́.

Lọ́sàn-án àná, mo ṣe é. Mo yọ orúkọ ìlú kúrò, mo fi Plateau, ẹkùn tí ìlú wa àti Igana jọ wà, rọ́pò rẹ̀. Mo yọ iṣẹ́ ọwọ́. Mo pín ọjọ́ orí sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, mo da àwọn ìlà náà rú. Nígbà tó ku ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn aláìsàn, ọwọ́ mi kọ̀. Mo ka tiyín títí omi fi bò mí lójú. Dókítà wọlé bá mi, ó gbé àga jókòó tì mí. Mo bá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, tiyín náà. Inú lẹ́tà yìí nìkan ni ọ̀rọ̀ yín kù sí, bí mo bá sì ti kà á fún yín lójú oórì tán, n óò fà á ya.

Láàárọ̀ yìí la ṣí i fún aráyé. Àwọn kan ti ń wọlé láti ìlú tí n kò gbọ́ rí. Dókítà ní kí n dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo wá yín, Màmá. Mo fi gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa yín wá yín. N kò rí yín. Dókítà dì mọ́ mi, ó ní iṣẹ́ náà dára. Mo dúpẹ́, mo jáde síta, mo sì pe orúkọ yín sókè.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ yín.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó ṣì ń wá yín.