Kọ̀ǹpútà Bọ̀dá Dàpọ̀

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kọkànlá, 1998
Bọ̀dá Dàpọ̀, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, lọ sí Kàdúná. Wọ́n ní kí n máa fi kọ̀ǹpútà wọn ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi — kí n má ṣáà ba àwòrán ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Akobo tó wà nínú rẹ̀ jẹ́. Mo ti ki Linux sí apá kan, Windows wọn wà ní apá kejì. Ó ku Emacs, tí màá fi kọ iṣẹ́ náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3
Emacs yìí, èèyàn ní láti fúnra rẹ̀ tò ó jọ. rpm ló ń bá mi kó irinṣẹ́ rẹ̀ wọlé láti orí CD. Mo ti sọ rpm yìí ní Alága Ìjókòó. Mo gbé ọ̀kan wá, ó ní èyí tí ìyẹn ń lò dà? Bí ìdána gẹ́lẹ́. NEPA tún mú iná lọ.

Ọjọ́rú, 4
Mo fipá mú Alága. Àṣẹ kan wà tó ń pa á lẹ́nu mọ́, mo lò ó. Mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn — LI ló kọ sójú rẹ̀. Lẹ́tà méjì péré, ó dúró. Linux ò ṣí, Windows ò ṣí. Àwòrán ilé Akobo ńkọ́? Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́bọ̀, 5
Mo jẹ́wọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Túnráyọ̀. Ká ní Bọ̀dá máa ń bú mi ni, ìbá sàn. Àna ni mo jẹ́, wọn kì í bá mi wí. Àǹtí ni wọ́n ń bá wí. Fíríìjì tí mo bà jẹ́ lọ́jọ́sí, Àǹtí ni wọn ò bá sọ̀rọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 6
Bọ̀dá tẹ̀ wá láago sórí fóònù Alhaja Àmúdàtù tó ń gbé lódìkejì. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀. Àǹtí ti sọ fún wọn pé àwọn, kì í ṣe èmi, ló ba ẹ̀rọ jẹ́. Mo sunkún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7
Mo lọ sí àdúgbò Agbowó láàárọ̀. Gbádérọ̀, ọmọ kíláàsì mi, yá mi ní dísíìkì tí wọ́n fi ń jí ẹ̀rọ. Windows padà, àwòrán pé. Mo fún Alága ní gbogbo ohun tó bèèrè, láìjanpata. Emacs ṣí.

Bọ̀dá wọlé, wọ́n tan ẹ̀rọ, wọ́n yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Wọ́n bi Àǹtí pé kí ló wá bà jẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni.

Bọ̀dá ní àwọn mọ̀. Pé ẹ̀gbọ́n mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tàn án.

Wọ́n ní kí n dìde, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Ohùn jẹ́jẹ́. Wọ́n wá pe Àǹtí wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn.

Emacs wà níwájú mi. N ò rí lẹ́tà kan tẹ̀.