Àwa Ìyá Onígaàrí Ń Bọ̀ Wá Ṣe Iṣẹ́ Bruno

Lougba, ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò

Armelle ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ìrọ́jú, mo kí ọ kú àráfẹ́rakù. Ọlọ́run tó ni kọ́kọ́rọ́ kò ní jẹ́ kí ikú mọ ọ̀nà ibi iṣẹ́ yín mọ́. A wà dáadáa nílé. Bàbá rẹ Jonas ń kí ọ, ẹ̀yìn ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dùn ún rárá, o sáà mọ̀ ọ́n. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, igi kajú sì ti ń yọ òdòdó.

Ẹkún rẹ ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́. Lọ́jọ́ tí mo pè, bí o ṣe bú sẹ́kún báyìí ni owó inú fóònù mi tán. Mo ti kíyè sí i, bí a bá ń rẹ́rìn-ín, owó náà máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹkún bá ti wọ inú rẹ̀, kíá ló ń gbé e mì. Bàbá rẹ ní omi ló ń wọ ẹ̀rọ náà lára. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ìwé tí wọ́n fún wa níbi ẹ̀kọ́ àgbà, torí ìwé kì í gba owó ẹkún.

Ohun tí o sọ kí owó tó tán ni pé Bruno, tí ẹ jọ ń jókòó nínú yàrá kan níbi iṣẹ́, jẹ ìrẹsì rẹ̀ tán lọ́sàn-án, ó gbórí lé tábìlì, kò sì jí mọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ikú kò dọ́jọ́, àrùn kò dóṣù, ṣùgbọ́n kó tilẹ̀ jẹ́ kí ọmọ náà délé ná! O ní ọ̀gá yín, Mesié Hyacinthe, ní kí o bọ́ sórí ìjókòó Bruno kí o máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ìwọ sì ní láéláé, pé ilé ni o jókòó sí láti ọjọ́ náà, o fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Armelle, iṣẹ́ tí o wá títí bàtà rẹ fi lu!

O ní ẹ dìde dúró, ẹ sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan nítorí Bruno. Ta ló kọ́ yín ní irú ìyẹn? Latifatou tí a jọ ń yan gaàrí, tó kú lójijì lọ́dún tó kọjá, bí àwa bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan lójú òkú rẹ̀, á ti inú aṣọ funfun yẹn bi wá pé kí ló dé, ta ló ń bá ta jà. O tún ní wọ́n mú ọkùnrin kan wá láti Parakou tó ń bi yín lọ́kọ̀ọ̀kan pé báwo ló ṣe rí lára yín. Kò mọ Bruno, kò gbé oúnjẹ wá, ó ń bi ẹlẹ́kún pé báwo, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀! Bàbá rẹ ní bóyá òun gan-an ni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tí kò rí ẹni sọ ọ́ fún. Bá wa kí i.

Fọ́tò Bruno tí o gbé sójú fóònù tòun ti àbẹ́là, mo wò ó, mo kí i pé ó dàárọ̀. Nígbà tí mo máa wò ó lọ́jọ́ kejì, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣé fóònù ti sin ín ni? Ẹbí rẹ̀ kò tíì dé láti Cotonou! Kí ló ń kánjú sí?

Ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. O ní kò ṣí fún ẹnikẹ́ni, pé ọ̀rọ̀ kan wà tí Bruno nìkan máa ń sọ fún un. Ṣé ẹ ti túfọ̀ fún un? Nígbà tí bàbá mi kú, ajá rẹ̀ kò jẹun, àfìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi lọ bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀ tó sọ fún un pé ọ̀gá rẹ ti lọ. Kí ẹni tó dàgbà jù nínú yín lọ bá ẹ̀rọ náà, kó ṣí fìlà, kó sọ ọ́ fún un jẹ́jẹ́. Kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yín lọ sípàdé ẹgbẹ́ àwa onígaàrí. O rántí pé nígbà tí Latifatou lọ, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ṣì wà lóko. A kò jẹ́ kí ààrò rẹ̀ tutù. À ń bẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀, à ń rin ín, à ń yan án, owó rẹ̀ ń lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ títí oko náà fi tán. Ìdí ẹ̀gẹ́ yẹn la ti sunkún wa tán. Nítorí náà ẹgbẹ́ ti fẹnu kò pé a ń bọ̀ níbi iṣẹ́ yín ní Savalou lọ́jọ́ Sátidé wá ṣe iṣẹ́ Bruno. Ìyá Chakirath bi mí pé ṣé bébà ní èèpo, mo ní n kò mọ̀, kó ṣáà mú ọ̀bẹ dání. Sọ fún Mesié Hyacinthe pé kó má dáná, a máa gbé gaàrí wa wá, kó bá wa wá omi tútù àti ibi tí a máa jókòó sí. Iṣẹ́ tí ẹ ń fi ìka méjì tẹ̀ yẹn, bí gbogbo wa bá fi ìka mẹ́wàá-mẹ́wàá dà á bo, á tán kí oòrùn tó wọ̀.

Fi owó alùpùpù zẹ́mi ránṣẹ́ sí wa, torí ọ̀nà ti bàjẹ́, ẹsẹ̀ wa kò lè gbé wa dé ọ̀dọ̀ yín. Má ṣe fi púpọ̀ sínú fóònù. Ti ìjelòó tí o fi ránṣẹ́, mo ní kí ọkùnrin abẹ́ agboòrùn tó ń yọ owó fún wa ṣẹ́ díẹ̀ kù sínú rẹ̀ kó lè bímọ. Títí dòní kò bí nǹkan kan. Bóyá akọ nìkan ló ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n bí ìwọ fúnra rẹ bá ti jókòó sórí ìjókòó Bruno kó tó di Sátidé, a kò ní wá mọ́, kí o fi owó náà jẹun.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Àpótí tí mo jókòó lé bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ti Latifatou ni. Nígbà tí oko rẹ̀ tán, wọ́n ní kí n bọ́ síbẹ̀ nítorí èéfín kì í dé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Èmi náà ní láéláé. Lọ́jọ́ tí mo wá jókòó, mo kọ́kọ́ kí i, mo ní Latifatou, kú ìjókòó o, mo sọ iye tí wọ́n ń ta gaàrí lọ́jà fún un, mo sunkún, gaàrí jóná. Lọ́jọ́ kejì mo tún kí i, gaàrí kò jóná. Àpótí náà kúrú fún mi, ó ń pa mí lórúnkún. Bàbá rẹ ní òun á kan èyí tó ga fún mi, mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí Bruno kí o tó jókòó. Bí iṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ bá jóná, kí ọ̀gá yín fara dà á. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o jókòó pẹ́ níbẹ̀, yóò sì jẹ́ kí o máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ dìde níbẹ̀ lójoojúmọ́, kí o máa lọ sílé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Yvette