Àga Mẹ́fà Ìyá Jókòó-Má-Dìde

Lọ́dún 1938, nínú ilé oníyàrá méjì kan tó fẹ̀yìn ti ibi ìlagi, ni wọ́n bí ìyá wa, ẹni tí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá síbí lónìí mọ̀ sí Ìyá Jókòó-Má-Dìde. Bàbá wọn ń ta pákó, ìyá wọn ń hun ẹní. Ìran wọn kì í ṣe ìran olówó, kì í sì í ṣe ìran ojo. Ìyá tó bí wọn máa ń sọ pé ariwo ayùn ni ọmọ náà kọ́kọ́ gbọ́ láyé, ìdí nìyẹn tí ariwo ẹnikẹ́ni kì í fi í bà á lẹ́rù. A sọ èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé àwọn kan nínú ẹbí ti bẹ̀ wá pé kí a kọ ìtàn yìí jẹ́jẹ́, kí a fo àwọn ibì kan. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. A ò fo nǹkan kan.

Lọ́dún 1945 ni Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, wọ́n sì kà á dé ìwé kẹfà. Olùkọ́ wọn lọ bá bàbá wọn nílé, ó ní, "Ọmọ yín mọ̀wé, àmọ́ orí kunkun rẹ̀ ti pọ̀ jù." Bàbá wọn dá a lóhùn pé, "Ẹ bá mi bójú tó ìwé, ẹ fi orí kunkun yẹn sílẹ̀ fún mi." Kò sẹ́ni tó rí i tọ́jú títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Lọ́dún 1954, wọ́n gba Màmá sí ilé iṣẹ́ káfíńtà kan pé kí wọ́n máa gbálẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ta ló ń kọ́ ọmọbìnrin níṣẹ́ igi? Màmá á gbá lẹ́búlẹ́bú pákó tán, wọ́n á ṣa pépà ìhagi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti jù nù, wọ́n á máa fi ha àjákù pákó lábẹ́ tábìlì. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá rí ọ̀kan nínú àjákù náà he, ó fọwọ́ ra á títí, ó ní, "Ta ló dán èyí?" Gbogbo ọmọ iṣẹ́ dákẹ́. Màmá ní, "Èmi ni, sà. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn náà, ẹ jẹ́ n bá yín dán an, torí kò tíì dán." Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ìgbálẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ Màmá, tí pépà, òróró igi àti okùn ìhun àga sì bọ́ síbẹ̀.

Lọ́dún 1960, Màmá fẹ́ bàbá wa, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ tó dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Dídákẹ́ náà sì ni Bàbá ń dákẹ́ títí wọ́n fi kú. Màmá ló ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Inú ọdún tí wọ́n ṣègbéyàwó ni wọ́n ṣe ohun èlò ilé wọn: tábìlì oúnjẹ kan, kọ́bọ́ọ̀dù gígùn kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀, àti àga mẹ́fà. Nígbà yẹn, àga tí wọ́n gbẹ́ orí kìnnìún sí lápá ni àwọn èèyàn ńlá ń fẹ́, èyí tí géńdé méjì ń mí hẹlẹ kí wọ́n tó gbé e. Oníbàárà kan ló mú ìwé àwòrán dé láti òkè òkun. Bàbá wo àga inú rẹ̀, wọ́n rí i pé kò sí ọnà kankan lára rẹ̀ àfi ojú igi fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe tiwọn. Igi tíìkì ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín nísàlẹ̀, ó yà síta díẹ̀ bíi ti ọmọ ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìdúró. Bàbá gé e, wọ́n ki igi bọ inú igi láìlo ìṣó kan. Màmá ha á, wọ́n fi òróró pa á títí ó fi ń dán, wọ́n fi okùn hun ìjókòó rẹ̀ bí ìyá wọn ṣe ń hun ẹní.

Àdúgbò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Káfíńtà, ṣé igi ti tán lọ́jà ni?" "Ẹ di àga yìí mú o, ó fẹ́ sá lọ!" Màmá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n lọ pe alápatà òpópónà wa, ẹni tí kò sí àga tó jókòó lé tí kì í ké, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jókòó." Alápatà jókòó, ó mi ara sọ́tùn-ún, ó mi ara sósì. Àga ò fọhùn. Ó wá wo ojú àwọn tó pé jọ, ó ní, "Ṣé wọ́n ń gbé oúnjẹ bọ̀ ni àbí báwo?" Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn ẹlẹ́yà fi ń wá béèrè tiwọn.

Àga mẹ́fà yẹn ní ẹni tó ni wọ́n. Méjì jẹ́ ti Bàbá àti Màmá. Mẹ́ta jẹ́ ti àwa ọmọ tí wọn ò tíì bí. Ẹkẹfà jẹ́ ti àbíkẹ́yìn nínú àwọn àbúrò Bàbá, tí ìyá rẹ̀ kú nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Ọwọ́ Màmá ló bọ́ sí bí wọ́n ṣe wọlé ọkọ. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, nítorí náà Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni Màmá ń pè é. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ìgbà náà ni o. Lónìí, ikùn ló ń kọ́kọ́ wọlé kí Bọ̀dá fúnra wọn tó dé. Ẹ̀yìn Màmá ni wọ́n sùn dàgbà, àga kẹfà náà ni wọ́n ti kọ́ àtijókòó jẹun.

Lọ́dún 1979, Bàbá wa papò dà. A ò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ tí àwọn ọmọ ìyá Bàbá fi gbé lọ́rì dé ẹnu ọ̀nà wa. Àwọn mẹ́ta ni: Bàbá Awakọ̀, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀gbọ́n Bàbá tó sì ni lọ́rì, Àǹtí Aránṣọ, tí wọ́n tẹ̀ lé wọn, àti Bọ̀dá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Bàbá Awakọ̀ ní, "Ìyàwó, iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò wa la wá kó. Ohun tí ọmọ ìyá ẹni bá fọwọ́ ṣe, tẹni ni." Màmá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ wọn ló gé e, ọwọ́ tèmi ló dán an. Ẹ mú ayùn wá, kí ẹ gé ọwọ́ tiwọn kúrò lára tèmi." Bàbá Awakọ̀ ṣẹ́wọ́ sí géńdé méjì tó bá lọ́rì wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àga síta.

Kọ́bọ́ọ̀dù ò gba ẹnu ọ̀nà. Tábìlì náà ò gbà á, torí inú yàrá ni Bàbá ti to ó, kò sì sí ìṣó tí wọ́n lè yọ. Àga márùn-ún jáde. Ibi tó kù sí ni pé Màmá ti jókòó lórí àga tiwọn, wọ́n ká ọwọ́ gbera. "Ìyàwó, dìde." "Mo ti jókòó ná, ẹ̀gbọ́n mi." Làwọn géńdé méjì náà bá gbé Màmá tàga-tàga, wọ́n gbé wọn dé títì. Gbogbo àdúgbò jáde. Màmá wà lókè níbẹ̀, wọ́n ń kí àwọn èèyàn: "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé àna mi ni wọ́n ń gbé mi lọ." Bàbá Awakọ̀ ní kí wọ́n gbé wọn sínú lọ́rì bẹ́ẹ̀. Màmá ní, "Ó dára. Ibi tí àga mi bá sùn ni mo máa sùn. Ẹ kàn sọ fún ìyàwó yín pé èmi kì í jẹ oúnjẹ àná." Ẹ̀rín pa gbogbo títì. Wọ́n sọ Màmá kalẹ̀, wọ́n wa lọ́rì lọ, àwọn mẹ́ta sì pín àga márùn-ún náà láàárín ara wọn. Ọjọ́ náà ni wọ́n sọ wọ́n ní Jókòó-Má-Dìde, ọjọ́ náà la sì rí omi lójú wọn nígbà tí ilẹ̀kùn tì, tí wọ́n rí tábìlì tó ní àga kan ṣoṣo nídìí.

Ẹ̀yin èèyàn wa, kàkà kí ewé àgbọn Màmá rọ̀, pípele ló ń pele sí i. Wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ Bàbá padà. Àwọn tó rò pé obìnrin ò lè pàṣẹ fún ọmọ iṣẹ́ rí i bí wọ́n ṣe ń pa á. Nígbà tó di ọdún 1981, Màmá gbé ìkòkò oúnjẹ tiwọn, wọ́n kọrí sílé Bàbá Awakọ̀. Àga méjì wà níta níbẹ̀, oòrùn ń pa á, òjò ń pa á. Màmá kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n jókòó sórí ọ̀kan, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ìkejì. Ilẹ̀ ṣú, wọ́n lọ sílé. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún dé. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń béèrè pé, "Ìyá, ẹ kú ìjókòó o, ta lẹ wá kí?" Màmá á ní, "Àga mi ni mo wá kí." Ọ̀rọ̀ sú Bàbá Awakọ̀. Lọ́rì tí wọ́n fi kó o lọ ni wọ́n fi dá a padà.

Ilé ìránṣọ ni ọ̀rọ̀ ti le. Àǹtí Aránṣọ ti fi ọ̀dà funfun kun àga méjì tó wà lọ́dọ̀ wọn. Màmá sọ pé nígbà tí àwọn rí i, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n kun ojú ọmọ àwọn. Wọ́n jókòó sórí ọ̀kan, wọ́n gbé báàgì lé èkejì, àwọn tó wá ránṣọ sì ń wá ibi tí wọ́n máa jókòó sí kiri. "Ìyàwó, ṣé o fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́ ni?" "Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Mo kàn jókòó ni." Nígbà tó yá, Àǹtí Aránṣọ ní, "Gbé e! Gbé e lọ! Igi lásán-làsàn!" Màmá kó méjèèjì lọ. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ni wọ́n fi ha ọ̀dà náà kúrò, títí ojú igi fi tún là. Ẹ wo Àǹtí Aránṣọ níwájú níbẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń sunkún. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n padà di, wọn ò sì jẹ́ kí a fo ibi yìí.

Láàárín ọdún 1990 sí 2000, àga onítìmùtìmù gbòde, àwa ọmọ náà sì bẹ̀ Màmá pé ojú ń tì wá, kí wọ́n jẹ́ ká ra tuntun. Wọ́n ní, "Ẹni tójú ń tì, kó dúró." Ìgbà tó dọdún 2015, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá fi fóònù ya àga náà, wọ́n ní ohun àtàtà ayé àtijọ́ ni. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ fi àga tuntun mẹ́fà ṣe pàṣípààrọ̀. Màmá bi í pé, "Ta ló ti jókòó lórí tuntun yẹn rí?" Wọ́n bá fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà lóúnjẹ.

Nínú ìjọsìn, Màmá kì í fi àdúrà fa ilẹ̀. Àdúrà wọn ni, "Ọlọ́run, o rí wọn. Ó ku tìẹ." Ní ti ìlú, àwọn ni wọ́n ṣe bẹ́ǹṣì fún àwọn aboyún tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ nílé ìwòsàn àdúgbò. Akọ̀wé ibẹ̀ ní kò sí àṣẹ pé kó wọlé. Ẹ ti mọ ohun tí Màmá ṣe. Bẹ́ǹṣì náà wà níbẹ̀ dòní.

Lọ́dún 2024, Màmá dákẹ́ lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án àti ọmọ méjì tí àwọn ọmọ-ọmọ bí ló gbẹ̀yìn wọn. Àwọn àna wọn tún gbẹ̀yìn wọn, títí kan ẹni tí àga kẹfà wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bọ̀dá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ̀yin là ń bá wí. A mọ̀ pé ẹ dorí kodò gbé àga yẹn jáde lọ́jọ́ tí lọ́rì wá. A mọ̀ pé inú yàrá yín ló wà, tí ẹ ń kó aṣọ lé e. A máa ń bi Màmá pé kí ló dé tí wọn ò lọ jókòó sílé tiyín. Wọ́n ní, "Àwọn tó kù, àna mi ni wọ́n. Èyí, ọmọ mi ni. Ìyá kì í lọ ṣọ́ ọmọ. Yóò gbé e wá fúnra rẹ̀." Gbogbo ìgbà tí a bá tẹ́ tábìlì ni wọ́n ń ní ká fi àyè yín sílẹ̀. Àní nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, wọ́n béèrè bóyá ẹ ti jẹun. Ojú ń tì yín, ẹ ò wá. Ìtìjú yẹn ló há yín mọ́ ibẹ̀ títí ìyá tó pọ̀n yín fi lọ. Ó dùn wá, a ò ní í pa á mọ́ra.

Màmá lè dúró dè yín, torí ìyá ni wọ́n. Àwa kì í ṣe ìyá yín. Bí a bá ti kúrò ní ibojì lónìí, ilé yín la ń bọ̀ tààrà, àti ọmọ, àti ọmọ-ọmọ, àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. A ò ní í jà. A máa kí yín, a máa jókòó. Ẹ má sì rò pé àga nìkan la wá gbà, torí a ò fẹ́ ẹ nídìí tábìlì lófo. Ẹ gbé e dání, kí ẹ máa bá wa bọ̀ nílé, oúnjẹ yín wà níbẹ̀.

Màmá, ẹ ti jà fún wa tó. Ẹ sùn re o. Àwa ò ní í dìde.